Bísíkíìtì ajá tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, àti bí ojú mi ṣe rí màbo lórí gbígbẹ rẹ̀

₦4,500 ni mo fi ra ọ̀rá bísíkíìtì ajá kan ní Lọ́kọ́ja lóṣù Keje. Ọ̀rá ọ̀hún ò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Mo fẹ́ fi ṣe Fúra, ajá mi, lóore ni, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ mẹ́fà, gbogbo wọn ló sì yè. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó jẹ ẹ́ mọ́, ó ń bì, ó ń yàgbẹ́ olómi, kò lè dìde lórí àpò tó ń sùn lé. Ìgbà yẹn ni mo tó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn ọ̀rá náà. Ẹnì kan ti fi nǹkan ha ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò parí sí, àmọ́ kò ha á tán. Oṣù Kẹta ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Dókítà ẹran gba ₦13,000 lọ́wọ́ mi fún abẹ́rẹ́ àti omi tó fà sí i lára. Nígbà tí ara rẹ̀ mókun díẹ̀, mo gbé ọ̀rá náà, mo wọkọ̀ padà sí Lọ́kọ́ja. Ẹni tó tà á fún mi kàn nawọ́ sí ìwé kan lára ògiri pé ọjà tí àwọn bá ti tà, àwọn kì í gbà á padà. Kò tilẹ̀ wo ọ̀rá tí mo nà sí i. Nígbà tí mo ń padà sílé ní Kàbà, inú bí mi débi pé a dé Ọbájánà kí n tó lè dá ẹni tó jókòó tì mí lóhùn. Inú ọkọ̀ yẹn ni mo ti pinnu pé mi ò ní ra bísíkíìtì ajá mọ́ láyé mi.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé kí n máa fi ìjẹkù bọ́ ajá bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe, mo gbọ́. Ajá ilé ni Fúra, ìran ajá ọdẹ tí bàbá mi ń kó lọ oko nígbà ayé wọn, ìjẹkù náà ló sì ń jẹ lójoojúmọ́. Iṣẹ́ ni mo ń fi bísíkíìtì ṣe. Etí títì ni ilé wa wà, ọ̀kadà ò sì mọ ọmọ ajá. Bí mo bá pe ọmọ ajá tó bá wá, màá fún un ní ẹyọ kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo wọn ti mọ ohùn mi.

Pípo rẹ̀ ò le, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ife mẹ́ta ìyẹ̀fun ọkà bàbà, ife kan ànàmọ́ sísè tí mo gún, ẹyin méjì, ẹ̀dọ̀ màlúù sísè tó tó ẹ̀kúnwọ́ kan tí mo gé wẹ́wẹ́, àti ìwọ̀nba omi tí mo fi se ẹ̀dọ̀ náà, tí yóò fi dì mú ara wọn. Ẹ sáà rí i pé ẹni tó ń bá yín lọ ọkà kọ́kọ́ fi ẹ̀kúnwọ́ méjì ṣan ẹ̀rọ rẹ̀, kó da ìyẹn nù, nítorí ata tí ẹlòmíràn lọ ṣáájú yín.

Ìyá mi dúró tì mí ní kíṣìnnì. Wọ́n ní, "Iyọ̀ dà? Àlùbọ́sà dà? Ta ni yóò jẹ oúnjẹ tó tẹ́ báyìí?" Mo ní, "Màmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àlùbọ́sà sún mọ́ ọn rárá." Àlùbọ́sà àti aáyù, ì báà ṣe tútù tàbí sísè, máa ń ba ẹ̀jẹ̀ pupa ajá jẹ́. Ṣokoléètì náà kò gbọdọ̀ kan ajá lẹ́nu. Ọmọ àbúrò mi fẹ́ rún kúlíkúlí sí i, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, torí ata àti iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Fúra jẹ èyí tí kò níyọ̀ kò ní ata, tó lá àwo mọ́, ìyá mi dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ wá kan gbígbẹ. Ibí yìí ni mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ẹ̀dọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta ṣòfò.

Oṣù Kẹjọ la wà, òjò Kàbà ò sì dá. Mi ò ní ààrò oníná, bí mo bá tilẹ̀ ní in, iná ọba ò ní jẹ́ kó wúlò. Mo da yanrìn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò ńlá, mo gbé e ka orí èédú, mo to bísíkíìtì sórí àwo páànù sínú rẹ̀, mo dé e. Lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, ara wọn pọ́n, òórùn wọn kún ilé. Inú mi dùn gan-an. Mo kó gbogbo ẹ̀ sínú agolo bọnbíta, mo dé e pa.

Lọ́jọ́ kẹta mo ṣí agolo. Kíkan ló kọ́kọ́ lù mí nímú. Mo mú ẹyọ kan síbi ìmọ́lẹ̀: irun funfun tín-ín-rín bí òwú ti hù láti àárín rẹ̀, àmì aláwọ̀ ewé tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ sì wà káàkiri ara rẹ̀. Mo ṣẹ́ ẹ sí méjì. Kò dún, ó kàn fà ya bí ẹ̀bà àná. Ìta nìkan ni iná dé, omi ànàmọ́ ṣì wà nínú. Ó ti bu.

Mo bi dókítà ẹran bóyá mo lè fá ibi tó bu kúrò kí n fún wọn ní ìyókù. Ohùn rẹ̀ le sí mi. Ó ní èbu kan wà tó máa ń hù lára ẹ̀pà, àgbàdo àti ọkà bàbà, tó ń sọ májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin sínú wọn. Ẹ̀dọ̀ ni májèlé yìí ń bà jẹ́, yíyan àti sísè kì í sì í mú un kúrò tán. Ó ní lọ́dún 2004, àgbàdo tí wọ́n kó pamọ́ láìgbẹ dáadáa pa ènìyàn 125 ní Kenya, àti pé láàárín ìparí ọdún 2020 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2021, oúnjẹ ajá tó ní májèlé yìí nínú pa ajá tó lé ní 100 ní Amẹ́ríkà. Mo délé, mo gbẹ́ ilẹ̀, mo ri gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀ kí adìẹ má bàa tú u jẹ.

Ẹ̀ẹ̀kejì, mo ní kí n sá a sóòrùn. Oòrùn wo? Ọjọ́ méjì ni mo fi ń gbé atẹ wọlé, tí mo ń gbé e jáde, eṣinṣin bò ó, ewúrẹ́ aládùúgbò jẹ ìdajì. Ìdajì tó kù rọ̀ bí ìgbà tí mo gbé e síta. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo fi í sórí èédú fún wákàtí méjì kí inú rẹ̀ lè gbẹ. Ìta jóná di dúdú. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì dùn mí dé ọkàn, torí mo rí owó ẹ̀dọ̀ mi nínú eérú.

Òórùn búrẹ́dì ló là mí lójú. Ìyá kan ń ṣe búrẹ́dì lẹ́yìn ilé wa, ààrò alámọ̀ ni wọ́n ń lò, igi ni wọ́n ń dá sí i. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá kó búrẹ́dì ìkẹyìn jáde lálẹ́, wọ́n á wa ẹyin iná kúrò, wọ́n á gbé páànù dí ẹnu ààrò. Bẹ́ẹ̀, bí a bá fọwọ́ kan ògiri ààrò yẹn láàárọ̀, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ooru tí kò lè jó nǹkan mọ́, tí yóò sì wà níbẹ̀ mọ́jú, ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn.

Mo lọ bá wọn. "Okun o, ìyá." Wọ́n dáhùn, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Oúnjẹ ajá kẹ̀? Nínú ààrò tí mo fi ń ṣe búrẹ́dì tà? Ọmọ mi, wọn ò ní ra ọjà mi mọ́." Wọn ò jẹ̀bi. Mo padà lọ ní ìjọ́ kejì, mo jẹ bísíkíìtì náà lójú wọn, mo ka gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbà, pẹ̀lú àdéhùn: páànù tèmi ni n ó máa lò, ìdì igi kan ni n ó máa gbé wá, ilẹ̀ ò sì gbọdọ̀ mọ́ bá páànù mi nínú ààrò.

Èyí tó wọ ààrò yẹn, mo ti fi ìgò yí i fẹ́lẹ́ títí kò fi nípọn ju kọ́bọ̀ onírin méjì tí a tò léra lọ. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo gbé e wọlé, mo gbé e jáde ní aago márùn-ún ìdájí. Mo mú ẹyọ kan, mo ṣẹ́ ẹ. Ó dún kàù! Inú rẹ̀ gbẹ bí ìta. Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá náà fi jáde wá wo ohun tó dé.

Bí mo bá mọ̀ ni, ǹ bá ti yí i fẹ́lẹ́ látìgbà àkọ́kọ́, ife ìyẹ̀fun kan ni ǹ bá sì fi dán an wò, kì í ṣe mẹ́ta. Ẹni tó bá ní ààrò oníná lè yan án ní ìwọ̀n ooru 180°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó wá dín in kù sí 100°C, kó fi í sílẹ̀ fún wákàtí méjì sí i. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó dé agolo, torí ooru inú rẹ̀ yóò di omi. Ẹ má sì jẹ́ kí dídùn rẹ̀ tàn yín: gbogbo ìpápánu ajá lójúmọ́ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ rẹ̀ lọ, ẹ̀dọ̀ àpọ̀jù kò sì dára fún un.

Gbogbo ohun tí mo ná lórí èyí tó yọrí, títí kan ìdì igi, jẹ́ ₦2,300, ó sì kún ọ̀rá bíi ti Lọ́kọ́ja mẹ́ta. Ó di ọjọ́ kọkàndínlógún lónìí. Mo ṣẹ́ ẹyọ kan láàárọ̀ kí n tó jókòó kọ èyí, ó ṣì dún. Bí mo bá ti fọwọ́ kan ìdérí agolo báyìí, Fúra á ti dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́yìn rẹ̀.