Bí mo ṣe gbé kàtúùnù tí kò tíì jinná síwájú èèyàn l'Óṣogbo

Ìtàn tí kò sí ọmọ Òṣogbo tí kò gbọ́ ọ rí ni mo fi ń ṣe kàtúùnù àṣekágbá ẹ̀kọ́ mi: àwọn ọdẹ gé igi, igi wó sódò, ohùn sì jáde láti ìsàlẹ̀ omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun tán. Gbogbo rẹ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ń jẹ fíréèmù 24, ìyẹn ojú àwòrán 24 tó ń tẹ̀ lé ara wọn. Kódà bí èèyàn bá ń fi àwòrán kan bo fíréèmù méjì, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe, 12 ló ṣì máa yà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní ká gbé iṣẹ́ wá kó tó jinná. Ẹni tó bá kùn ún tán kó tó fi han èèyàn, àánú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ò ní jẹ́ kó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Mo to fídíò náà bó ṣe wà: ibì kan ti ní àwọ̀, ibì kan jẹ́ kìkì ìlà, ibì kan sì wà tó jẹ́ àwòrán kan ṣoṣo tó dúró gbagidi, tí mo fi ohùn ara mi sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ìrìn ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo àwọ̀." Bí o kò bá sọ ohun tó o fẹ́ kí wọ́n wò, irun orí ọdẹ ni wọn ó máa bá ọ jà lé. Mo gbé e sórí fóònù pẹ̀lú, torí iná kì í bá ni ṣàdéhùn.

Nígbà tí igi wó, ọ̀gá wa ní kí n dá a dúró. "Igi yìí ò wúwo," ni wọ́n wí. "Bó ṣe yá níbẹ̀rẹ̀ náà ló yá lópin. Igi ńlá á kọ́kọ́ lọ́ra, á ké, á tẹ̀, kó tó wá já lulẹ̀." Wọ́n dìde, wọ́n na apá sókè, wọ́n sì fi ara wọn ṣe igi níwájú wa. A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó yé mi kíá: ipò igi nínú àwọn àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ sún mọ́ra, kí ti ìparí máa jìnnà síra.

Ẹnì kan ní kí n jẹ́ kí àwọn ọdẹ máa ṣàwàdà. Mo dúpẹ́, ọ̀rẹ́ mi kọ ọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa wà.

Ìyá aláró kan tí ọ̀gá wa pè láti Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun ni wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Wọ́n ní kí n padà síbi tí Yèyé Ọ̀ṣun ti ń fa aṣọ jáde nínú ìkòkò.

"Ọmọ mi, ta ló rẹ aṣọ yìí?"

"Èmi ni mo yà á, mà."

"Aṣọ kì í kúrò nínú aró kó ti dúdú. Á kọ́kọ́ rí bí ewé. Afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ sí i ló ń sọ ọ́ di aró. Tó o bá tún rì í bọ̀ ọ́, á tún dúdú sí i."

Èmi tí mo ní kí wọ́n má wo àwọ̀! Ọmọ kíláàsì wa kan dáhùn pé, "Mà, abẹ́ odò ni wọ́n wà o. Afẹ́fẹ́ wo?" Gbogbo ilé pa ẹ̀rín. Ìyá ò tiẹ̀ rojú: "Kí wọ́n gbé e gun àpáta etí odò, kí wọ́n sá a síbẹ̀."

Bí mo ṣe tún un ṣe nìyẹn. Aṣọ á jáde lómi, omi á máa ro tótó lára rẹ̀, àwọ̀ ewé á wá máa ṣí kúrò láti etí aṣọ wọ àárín. Lójú ayé, ó ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan. Èmi fún un ní fíréèmù 72, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Mi ò ní láti tún aṣọ yà, àwọ̀ nìkan ni kọ̀ǹpútà ń yí. Igi ló kù tó ń gba àkókò mi báyìí, torí gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ ni mo ní láti tún fi ọwọ́ yà.