Bí Wọ́n Bá Ní Kẹ́ Ẹ Wá Jẹ Kọ́rì ní Ìlú Ọba

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo dé Birmingham ni àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ká lọ jẹ kọ́rì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ta ní ń jẹ kọ́rì? Èyí tí èmi mọ̀ ni lẹ́búlẹ́bú inú ike tí màmá wa máa ń bù sórí ẹran pẹ̀lú táìmù kí wọ́n tó gbé e kaná. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ jẹ kọ́rì n'Íbàdàn, bí ẹni tó ní òun fẹ́ jẹ iyọ̀ ni.

Níhìn-ín, ọbẹ̀ ni kọ́rì. Oúnjẹ odindi ni, nígbà míì ìjáde alẹ́ ọjọ́ Ẹtì gan-an ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Gúúsù Íńdíà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Lédè Tamil, "kari" ni ọbẹ̀ tí wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì. Àwọn Potogí tó lọ ṣòwò níbẹ̀ mú un, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà sì mú un. Ní 1747, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Hannah Glasse ti kọ bí wọ́n ṣe ń sè é sínú ìwé oúnjẹ tirẹ̀. Nígbà tó di 1784, ilé ìtajà kan ní Piccadilly, ní London, ti ń polówó lẹ́búlẹ́bú kọ́rì. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ òyìnbó ni èyí tó wà nínú ike wa: coriander, cumin, atalẹ̀ pupa àti àwọn míì tí wọ́n ti lọ̀ pọ̀ sójú kan. Àwọn ará Íńdíà fúnra wọn, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pe ọbẹ̀ wọn. Bí àlejò bá kó ẹ̀gúsí, gbẹ̀gìrì àti ilá pọ̀, tó ní ọbẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, bọ́rọ̀ kọ́rì ṣe rí nìyẹn.

Bẹ́ ẹ bá gbọ́ níbi iṣẹ́ pé ẹnì kan ń "curry favour" lọ́dọ̀ ọ̀gá, kò sí ọbẹ̀ ńbẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ fífi búrọ́ọ̀ṣì gbo ara ẹṣin ni ìyẹn ti ṣẹ̀. Ojú ayé lonítọ̀hún ń ṣe.

Sake Dean Mahomed, ọmọ Íńdíà, ló ṣí ilé oúnjẹ Íńdíà àkọ́kọ́ ní London ní 1810. Nígbà tó di 1812, ó ti wọ gbèsè. Lóde òní, púpọ̀ nínú àwọn tó kọ "Indian" sára ilé oúnjẹ wọn, ará Bangladesh ni wọ́n, láti agbègbè Sylhet pàápàá.

Ìwé tí wọ́n to orúkọ ọbẹ̀ wọn sí gùn bí ìwé ìdìbò, ṣùgbọ́n ata ni kẹ́ ẹ fi kà á. Korma ló wà nísàlẹ̀ pátápátá: kíríìmù, àgbọn tàbí álímọ́ńdì, ó máa ń dùn bí ẹni pé ṣúgà já bọ́ sí i. Lójú tèmi, oúnjẹ ọmọdé ni. Tikka masala tẹ̀ lé e, adìẹ sísun nínú ọbẹ̀ tòmátì àti kíríìmù. Òun ni Robin Cook, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè nígbà náà, pè ní ojúlówó oúnjẹ Ìlú Ọba ní 2001. Ibi tí ata ti bẹ̀rẹ̀ ni madras. Lẹ́yìn rẹ̀ ni vindaloo, tí àwọn Potogí tún wà nídìí orúkọ rẹ̀: ẹran tí wọ́n rẹ sínú wáìnì àti áàyù ni tiwọn, Goa, ní Íńdíà, ló ti di ọbẹ̀ alátá. Phaal ló ta jù. Ẹni tó ti ń jẹ ata rodo láti kékeré lè bẹ̀rẹ̀ látorí madras láìfòyà, ṣùgbọ́n ẹ má torí pé agbáwo bi yín bóyá ẹ mọ̀ pé ó ta, kẹ́ ẹ wá ní phaal lẹ fẹ́.

Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa gbowó lórí poppadom, ìpápánu pẹlẹbẹ gbígbẹ tí wọ́n bá gbé síwájú yín. Naan, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, tóbi, ọ̀kan tó fún ẹni méjì. Tí èpà tàbí wàrà kì í bá bá yín lára mu, ẹ sọ ọ́: nǹkan 14 bẹ́ẹ̀ tí kì í bá àwọn kan lára mu ló wà nínú òfin, ó sì ní kí wọ́n lè sọ èyí tó wà nínú oúnjẹ wọn. Ẹ tún wo nọ́ńbà ìmọ́tótó lára ilẹ̀kùn, 0 sí 5. Dandan ni kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ síta ní Wales àti Northern Ireland. Ní England kì í ṣe dandan, ṣùgbọ́n ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èyí tó ká mi lára jù rèé. Nílé, ẹni tó ní ẹ wá jẹun ló ń sanwó. Níhìn-ín, wọ́n á gbé ìwé owó dé, kálukú á sì yọ káàdì. Mi ò mú ju pọ́n-ùn mẹ́wàá dání lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ló bá mi pé e.

Tó bá jẹ́ ti ike ilé lẹ ń wá, ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ni kẹ́ ẹ lọ. Èyí tí wọ́n kọ madras sí lára ní sùpámákẹ́ẹ̀tì ní ata nínú, òórùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ fi ṣíbí tíì tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó dà á sínú jọ̀lọ́ọ̀fù.