Bí mo ṣe tún àwọn fíìmù superhero wò nítorí àwàdà inú wọn

Iṣẹ́ tí mo gbé fún ara mi kò ju kí n kó àwọn fíìmù superhero tí mo ti wò tẹ́lẹ̀ jọ, kí n tún wọn wò, kí n sì máa kọ gbogbo ibi tí wọ́n ti ní ká rẹ́rìn-ín sílẹ̀. Àríyànjiyàn ló fà á. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ò fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ yìí rí. Òun ní fíìmù tí ayé fẹ́ parẹ́ nínú rẹ̀, tí èèyàn ń kú lọ rẹpẹtẹ, kí ni àwàdà ń wá níbẹ̀? Èmi ní bí kò bá sí àwàdà, ta ló fẹ́ jókòó fún wákàtí méjì àbọ̀ máa wo ọkùnrin tó fi aṣọ bojú, tó ń fi ohùn tó há sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn? A ti sọ ọ́ títí, kò yanjú. Ni mo bá mú ìwé àti bírò.

Mo fa ìlà sí ojú ìwé náà láti fi pín in sọ́nà mẹ́ta: ta ló ṣe àwàdà, kí ló ṣẹlẹ̀ kété ṣáájú rẹ̀, ta sì ni a ń fi rẹ́rìn-ín. Apá kẹta yẹn, mo kàn fi í kún un ni, àmọ́ òun ló padà wúlò jù. Ohun kejì tí mo ṣe ni pé bí àwàdà kan bá ti kọjá, mo máa ń dá fíìmù padà sẹ́yìn, màá wá fi rímóòtù fo ibẹ̀, kí n lè rí bí ọ̀rọ̀ ṣe máa rí láìsí i. Bí ìtàn bá ṣì dúró digbí, tí kò sí ohun tó já, á jẹ́ pé ṣe ni wọ́n lẹ àwàdà yẹn mọ́ ọn. Bí nǹkan bá sọnù, á jẹ́ pé ara ìtàn ni. Ẹni tó bá fẹ́ dán irú ẹ̀ wò, kó kọ́kọ́ wo fíìmù náà tán láìdá a dúró o. Ẹ̀rín kì í bá ẹni tó ń tẹ rímóòtù ṣọ̀rẹ́.

The Dark Knight, fíìmù Batman, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ni àbúrò mi máa ń fà yọ bí ẹlẹ́rìí. Christopher Nolan ló darí rẹ̀, ó jáde ní 2008, kò sì sí ẹni tó máa pè é ní fíìmù àwàdà. Síbẹ̀, ìwé mi ò ṣófo. Joker, ọ̀tá Batman, wọlé bá àwọn ọ̀daràn níbi tí wọ́n ti ń ṣèpàdé, ó gún pẹ́ńsù kan mọ́ orí tábìlì, ó ní òun máa pidán, òun máa mú kó pòórá. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ dìde sí i. Kí á tó ṣẹ́jú, Joker ti gbá orí rẹ̀ mọ́ orí tábìlì, pẹ́ńsù ò sí mọ́ lóòótọ́. Èèyàn á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà á sì há sí i lọ́fun. Mo fo ibẹ̀. Heath Ledger, tí wọ́n padà fún ní Oscar lẹ́yìn ikú rẹ̀ nítorí ipa yìí, wá di ọkùnrin kan lásán tó kun ojú, tó ń bá àwọn jàǹdùkú sọ̀rọ̀ owó. Àwàdà pẹ́ńsù yẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé eré ọkùnrin yìí àti ìpànìyàn rẹ̀, ọ̀kan náà ni.

Ìkejì tún wà níbẹ̀ tó pa mí lẹ́rìn-ín ju ìyẹn lọ. Òṣìṣẹ́ kan ní iléeṣẹ́ Bruce Wayne, olówó tó ń di Batman lóru, tú àṣírí ọ̀gá rẹ̀, ó wá bá Lucius Fox tó ń bá Wayne darí iléeṣẹ́ náà pé kí wọ́n máa fún òun ní mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là lọ́dọọdún títí òun á fi kú. Morgan Freeman, tó ṣe Fox, ò gbé ohùn sókè. Ó kàn rọra ka ọ̀rọ̀ náà padà sí i létí: o ní olówó ńlá kan wà tó máa ń jáde lóru lọ fi ọwọ́ lásán lu àwọn ọ̀daràn bolẹ̀, ẹni yẹn gan-an lo sì fẹ́ lọ halẹ̀ mọ́? Ojú arákùnrin náà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojúkòkòrò la ń fi rẹ́rìn-ín níbí, kò sí ẹni tí ìyà ń jẹ tí ẹ̀rín náà kàn.

Mo fi ìwé han àbúrò mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn kì í ṣe àwàdà. Ọgbọ́n ni baba yẹn lò fún un." Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ìṣòro àbúrò mi kì í ṣe àwàdà, àwàdà tó bá ti mọ ara rẹ̀ ní àwàdà ni kò fẹ́.

Justice League, níbi tí Batman, Superman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti pàdé, ni ibi tí iṣẹ́ náà ti dùn mọ́ mi jù, torí ìtàn kan náà ló gba ọwọ́ èèyàn méjì kọjá. Zack Snyder ló ń darí rẹ̀ kí ọ̀fọ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ ẹ́, tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Joss Whedon, tó ti ṣe The Avengers ní 2012, ló bá wọn parí rẹ̀. Èyí tó jáde ní sinimá ní 2017 kò ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ, wọ́n sì da àwàdà tuntun sí i. Ní 2021 ni ti Snyder fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin, àwàdà tuntun wọ̀nyẹn ò sì sí níbẹ̀. Rímóòtù mi sinmi. Ẹlòmíràn ti bá mi fò wọ́n.

Ẹ wo ibi tí Superman ti jí dìde. Ọkùnrin náà ò dá ẹnikẹ́ni mọ̀, ó ń lu gbogbo wọn bí ẹni lu bàrà, ó gbá Batman mú, ó sọ ọ́ nù. Lois, olólùfẹ́ rẹ̀, dé, ara Superman wálẹ̀, ó gbé e, wọ́n fò lọ. Nínú ti 2017, Batman tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín kan nípa ibì kan tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Nínú ti 2021, kò sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, bóyá kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, àmọ́ ó ba nǹkan jẹ́. Ẹ̀bi ikú Superman ti ń jẹ Bruce Wayne lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, ìdí gan-an tó fi ní kí wọ́n jí i nìyẹn. Ọkùnrin náà jí, ó kọjú ìjà sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ìyẹn ló yẹ kó máa dùn wá nígbà tí a bá rí i nílẹ̀. Àwàdà yẹn dé, ó ní kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Àmọ́ mi ò ní parọ́ mọ́ Whedon. Àwàdà kan tí òun náà fi kún un dára, ó dára gan-an. Okùn Wonder Woman máa ń mú kí èèyàn sọ òtítọ́ inú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ sójú ogun, Aquaman jókòó lé e láìmọ̀. Ọkùnrin tó ti ń fọ́nnu láti ìbẹ̀rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀rù inú rẹ̀ sílẹ̀: òun ò fẹ́ kú, ó dà bíi pé gbogbo wọn máa kú, obìnrin yìí mà tún rẹwà o. Àbúrò mi, ẹni tí kò fẹ́ àwàdà, fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga. Nígbà tí mo wo ti Snyder níbi tí kò ti sí, mo rí i pé Aquaman ò fìgbà kankan sọ fún wa pé ẹ̀rù ń ba òun. Àwàdà ló fi ẹ̀rù rẹ̀ hàn wá. Irú ẹ̀ náà ni ti Flash, ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ wọn, tó bi Batman pé agbára wo ni Batman ní, tí Batman fèsì pé olówó lòun. Ìyẹn wà nínú fíìmù méjèèjì, kò sì pa nǹkan kan lára, torí ọmọkùnrin yẹn kì í lè pa ẹnu mọ́ bí àyà rẹ̀ bá ń já, Batman ò sì mọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ.

Batman & Robin ti 1997, mi ò pẹ́ níbẹ̀. Mr. Freeze, ọ̀tá Batman nínú rẹ̀, ò ju kó máa fi ọ̀rọ̀ yìnyín ṣẹ̀fẹ̀, kò sí ohun tó burú tó ṣẹlẹ̀ tí ẹ̀fẹ̀ náà fẹ́ tù wá nínú lé lórí. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni Batman ò fi sí ní sinimá lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí mo dé orí Thor: Ragnarok, ìwé mi kún kíá. Ọdún 2017 náà ló jáde, Taika Waititi ló darí rẹ̀, ohùn òun fúnra rẹ̀ ló sì wà lẹ́nu Korg olókùúta. Mo gbádùn fíìmù náà, mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ ni Asgard, ìlú Thor, ti jóná mọ́ àwọn ọmọ onílùú lójú. Wọ́n wà nínú ọkọ̀, wọ́n ń wo ilé baba wọn bó ṣe ń wó. Korg ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, bí ìpìlẹ̀ bá ṣì lágbára, wọ́n á tún un kọ́. Bó ṣe ń wí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ bú gbàmù. Ó wá ní ó mà ṣe o, ìpìlẹ̀ náà ti lọ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó, mo tún rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Mo wá fo ibẹ̀. Ojú àwọn èèyàn tó dúró ti fèrèsé ọkọ̀ ló kù, ojú Thor ló kù, ọ̀fọ̀ sì wà níbẹ̀ kedere. Korg kì í ṣe ọmọ Asgard. Ẹni tí ilé kì í ṣe tirẹ̀ ló ń ṣàwàdà nílé tó ń jó, kò sì sí onílé kankan tó dá a lóhùn.

Mo wá rò pé mo ti rí òfin ẹ̀ mú: àwàdà tó bá ṣáájú ẹkún dára, èyí tó bá tẹ̀ lé e kò dára. Guardians of the Galaxy Vol. 2 tún bá mi kín in lẹ́yìn. Yondu fi ọfà rẹ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, Peter Quill, ọmọ tó tọ́ dàgbà, ní ó jọ Mary Poppins, obìnrin inú ìtàn ọmọdé tó máa ń fi agbòòrùn sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọ̀run. Yondu bi í bóyá ọkùnrin gidi nìyẹn. Quill wò ó lójú, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Yondu bá fi ìgbéraga kígbe pé òun ni Mary Poppins. Kò pẹ́ sígbà náà ló fi ẹ̀wù tó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là wọ ọmọ tó tọ́, òun sì kú. Irọ́ kékeré tí Quill pa yẹn, ìfẹ́ ni. Ẹ fò ó, kí ẹ wá wo ikú Yondu, ẹkún ibẹ̀ á dín kù.

Infinity War ló wá da òfin mi rú. Ọdún 2018 ló jáde, Thor kan náà ló wà níbẹ̀, ìlú ti bàjẹ́, wọ́n sì ti pa àbúrò rẹ̀ lójú rẹ̀. Òun àti Rocket, ẹranko kékeré tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn, jókòó sínú ọkọ̀ kékeré, Rocket ń fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá tó ń bójú tó ọmọ iṣẹ́. Thor bẹ̀rẹ̀ sí í ka òkú: bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, àbúrò rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtàtà. Ẹ̀rín wà ní ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń kà á, ó ń ṣe bí ẹni ń fọ́nnu, omi sì ti dé ojú. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Chris Hemsworth ṣe ìyẹn débi pé mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ kọ sí apá kìíní ìwé mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwàdà gan-an wá dé, lẹ́yìn ẹkún, níbi tí mo sọ pé kò yẹ kó wà. Rocket yọ ojú àtọwọ́dá kan fún un, ojú tí òun fúnra rẹ̀ jí. Thor fi í sójú, ó ti wọlé tán kí Rocket tó sọ pé òun ì bá ti fọ̀ ọ́ ká ní òun ni, torí ibi tí òun fi pa mọ́ nígbà tí òun ń jí i kúrò kò mọ́ tónítóní. Mo fò ó, mo dá a padà, mo tún fò ó. Láìsí ẹ̀fẹ̀ yẹn, Rocket di oníwàásù tó ń fúnni lẹ́bùn. Ọmọ yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn kẹ́dùn. Ohun tó ní ló fún un, ẹ̀gbin ọ̀rọ̀ tó bá a tẹ̀ lé e, ìbánikẹ́dùn tirẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti agbádá Doctor Strange nínú fíìmù tirẹ̀, agbádá tó ń dá rìn bí ohun ẹlẹ́mìí, tó nu omijé ojú rẹ̀ lẹ́yìn tí olùkọ́ rẹ̀ kú, tí Strange ní kó jáwọ́. Àbúrò mi ò gba ti agbádá o. Èmi gbà á.

Nítorí náà, ṣáájú tàbí lẹ́yìn kọ́. Mo padà lọ wo apá kìíní àti apá kẹta ìwé mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo àwàdà tó ṣiṣẹ́, ẹni tọ́rọ̀ kàn ló ṣe é, tàbí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé òkùnkùn ìtàn náà gan-an ni wọ́n fi ṣàwàdà. Shakespeare náà mọ̀ ọ́n lò. Nínú Macbeth, wọ́n pa ọba tán, aṣọ́nà tí ọtí ṣì wà lójú rẹ̀ wá ń ṣe bíi pé ẹnu ọ̀nà ọ̀run àpáàdì lòun ń ṣọ́. Ó ń dẹ́rìn-ín pa wá, kò sì mú ojú wa kúrò lára ìpànìyàn. Àwọn tí kò ṣiṣẹ́ nínú ìwé mi, fíìmù ló ń ṣe wọ́n, kì í ṣe ẹnikẹ́ni nínú ìtàn. Ó dà bíi pé ẹni tó kọ ọ́ ń bẹ̀rù pé bí a bá sunkún díẹ̀, a ó dìde lọ sílé.

Endgame ti 2019 ló kẹ́yìn, òun la ò sì tíì parí. Ìbànújẹ́ sọ Thor di ọ̀mùtí, ikùn rẹ̀ yọ, gbogbo ẹni tó bá kọjá, títí kan Rocket, ló ń fi ikùn yẹn ṣẹ̀fẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tó kùnà, ẹni tí ọgbẹ́ ń dùn la ń fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo yọ sílẹ̀: ó padà sí ìgbà àtijọ́, ó rí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kí ìyá náà kú, wọ́n sọ̀rọ̀, ó sunkún, bó ṣe ń lọ ni ìyá rẹ̀ ní kó máa jẹ ewébẹ̀. Àbúrò mi ní ẹ̀fẹ̀ kan náà ni, ikùn kan náà ni, kí ló dé tí mo fi gba ti ìyá tí mo sì kọ ti Rocket? Mo ní torí ìyá rẹ̀ ni. Ó ní Rocket náà ṣe tán, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, èmi náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ nípa ojú àtọwọ́dá. A máa tún un wò.