Àṣìṣe tẹ́ ẹ máa ń ṣe tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo fíìmù ìfẹ́ ní Kérésì

Projector, ẹ̀rọ tó ń gbé fíìmù sára ògiri, àti spíkà ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ní Kubwa, ní Abuja níbí, mo ń yá èèyàn, èmi náà ni mo máa ń bá wọn tò ó nílé wọn. Tó bá ti di bí ogúnjọ́ December báyìí, fóònù mi ò ní sinmi mọ́. Àwọn tí ò lè lọ sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo lọ́dún yẹn, bóyá owó mọ́tò ti wọ́n jù tàbí ọ̀nà Lókójá ló ń bà wọ́n lẹ́rù, wọ́n á ní àwọn fẹ́ kó ẹbí jọ kí àwọn wo fíìmù ìfẹ́, kí ọdún lè dùn bíi ti ilé. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, òun ló mú mi dúró sídìí iṣẹ́ yìí. Àmọ́ owó tí mò ń rí tó ń ṣòfò ń bí mi nínú. Lọ́dọọdún ni mò ń sọ ọ́, lọ́dọọdún náà lẹ tún ń pè mí ní aago mẹ́jọ alẹ́ pé "bọ̀ọ̀dá, kò ṣiṣẹ́ o". Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí.

1. Ẹ má gbọ́kàn lé nẹ́tíwọ̀kì lálẹ́ ọjọ́ Kérésì. Ẹ dánlóòdù fíìmù yẹn sílẹ̀ ṣáájú. Tẹ́ ẹ bá ń wo Netflix ní HD, wákàtí kan lè jẹ data tó 3GB, àwọn fíìmù yìí sì sábà máa ń tó wákàtí méjì, ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín. Ẹ sì dán an wò lára projector gan-an kí àlejò tó dé, torí tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ gbé Netflix láti ojú fóònù sára ògiri, lọ́pọ̀ ìgbà ohùn nìkan lẹ máa gbọ́, ojú ẹ̀ á dúdú kirimú. Fóònù yín kọ́ ló bàjẹ́, Netflix ni ò gbà bẹ́ẹ̀.

2. Projector kékeré tí wọ́n kọ "1080p supported" sára páálí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ "supported" yẹn ló ń jẹ owó yín. Ohun tó ń sọ ni pé ó lè gba fíìmù 1080p, ìyẹn èyí tí àwòrán ẹ̀ mọ́ kedere, wọlé, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ló máa gbé e jáde. Ibi tí wọ́n kọ "native" sí, ìyẹn bí àwòrán tí projector fúnra ẹ̀ ń gbé jáde ṣe mọ́ tó, ni kẹ́ ẹ wò, ẹ máa rí i pé òmíràn ò ju 800 x 480 lọ, ojú àwọn òṣèré á wá rí bàìbàì bíi pé wọ́n jókòó sínú ọyẹ́. Oníbàárà mi kan ní Lugbe ra irú ẹ̀ mẹ́ta láàárín ọdún méjì, owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ì bá ti ra ojúlówó kan.

3. Bẹ́ẹ̀díṣíìtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́ ẹ máa ń ta kí fíìmù lè hàn lára ẹ̀ ò gba iná projector dúró. Ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì.

4. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Tó bá fi máa di aago méje alẹ́ ní Abuja lóṣù December ilẹ̀ ti ṣú pátápátá, tó bá sì di aago mẹ́wàá ọyẹ́ á ti lé àwọn àgbà wọlé.

5. Ẹ má rò pé fíìmù tó bá ti jáde ní December, fíìmù ìfẹ́ ni. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní àdúgbò wa mú ọmọbìnrin tó ń fẹ́ lọ sí sinimá ní Jabi lọ́dún 2023, tíkẹ́ẹ̀tì, gúgúrú, mọ́tò àlọ àtàbọ̀, A Tribe Called Judah ni wọ́n lọ wò, èyí tó di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá. Fíìmù gidi ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìyá kan àtàwọn ọmọ ẹ̀ márùn-ún tó fẹ́ jalè kí wọ́n lè tọ́jú ìyá wọn ni. Ó ní ọmọbìnrin náà ò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé. The Wedding Party náà jáde ní December, lọ́dún 2016, ìyẹn ni fíìmù ìfẹ́, ìyàwó Yorùbá, ọkọ Igbo, Sola Sobowale tó ń jó níwájú àlejò. Ẹ ka ohun tí fíìmù dá lé lórí kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ohun tó ń dùn mí jù rèé: ẹ kì í wo fíìmù tán kẹ́ ẹ tó gbé e síwájú èèyàn. Ẹ máa wo pósítà, ẹ rí yìnyín, ẹ rí fìlà pupa, ẹ rí ọkùnrin àti obìnrin tó ń wo ara wọn lójú, ó parí. Ẹ máa náwó sí adìyẹ, ẹ máa náwó sí epo jẹnẹrétọ̀, ẹ máa sanwó èmi tí mo gbé projector wá, fíìmù tí gbogbo ìnáwó yìí tìtorí ẹ̀ wáyé lẹ ò ní fún ní wákàtí méjì péré.

Ẹ wo Love Actually, ti 2003. Gbogbo ayé ń pè é ní fíìmù Kérésì, ó sì dùn lóòótọ́, Chiwetel Ejiofor tí àwọn òbí ẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà wà ńbẹ̀, òun ni Keira Knightley fẹ́. Àmọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, ọmọ tí ò tíì pé ọdún 15 ò gbọdọ̀ wò ó ní sinimá, torí àwọn méjì kan wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ pé ìhòòhò ni wọ́n máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n ti pàdé. Ọmọkùnrin kan ní Gwarinpa yá projector lọ́wọ́ mi torí àwọn òbí àfẹ́sọ́nà ẹ̀ ń bọ̀ láti Kàdúná. Love Actually yìí ló ní òun fẹ́ gbé síwájú wọn. Mo bi í pé ṣó ti wò ó, ó ní ta ni ò mọ̀ ọ́n. Bàbá àfẹ́sọ́nà, pásítọ̀ ni wọ́n, wọ́n jókòó níwájú pátápátá. Nígbà tó débẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi bo ojú projector, mo ń fi ọwọ́ kejì wá rìmóòtù. Bàbá ò bá ẹnikẹ́ni wí. Wọ́n kàn ní ó ti rẹ àwọn, àwọn fẹ́ lọ sùn. Àánú ọmọkùnrin yẹn ṣe mí.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Nyanya, ẹ̀bi tèmi ni. Àwọn ọmọ Màmá kan pè mí, bàbá wọn ti kú lọ́dún yẹn, jẹjẹrẹ ló pa wọ́n, wọ́n ní kí n bá àwọn wá fíìmù tó máa mú Màmá rẹ́rìn-ín. Mo mú The Best Man Holiday ti 2013 wá, torí mo ti wo ìdajì ẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ ni wọ́n kóra jọ fún Kérésì, ẹ̀rín ni ṣáá. Màmá rẹ́rìn-ín lóòótọ́, fún bíi wákàtí kan. Ìdajì tí mi ò wò ni jẹjẹrẹ ti pa ìyàwó ilé yẹn. Màmá dìde, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n wọlé, a sì ń gbọ́ wọn láti inú yàrá. Mi ò gbowó. Wáyà ni mò ń ká nínú òkùnkùn, kò sẹ́ni tó lè bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Látọjọ́ náà, fíìmù tí mi ò bá wò dópin, mi ò ní sọ fẹ́nikẹ́ni pé kó wò ó.

Ẹni tó máa jókòó lẹ máa kọ́kọ́ rò. Màmá àgbà kan wà tó jẹ́ pé láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá sí Jos látọmọdé, wọ́n gbọ́ Hausa dáadáa ju òyìnbó lọ, a wá gbé The Holiday síwájú wọn, èyí tí obìnrin méjì ti pààrọ̀ ilé fún Kérésì, ọ̀kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìkejì ní Los Angeles. Títí fíìmù fi parí ni wọ́n ń bèèrè pé "ta ló nilé yìí gan-an?" Ẹ fi ọmọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú wọn kó máa túmọ̀. Tàbí kẹ́ ẹ wo A Naija Christmas, tí Kunle Afolayan darí ní 2021: ìyá ní èyí tó bá kọ́kọ́ mú ìyàwó wálé nínú àwọn ọmọkùnrin òun mẹ́ta ló máa jogún, kò sí ìyá Yorùbá tí ò mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ kàn rántí pé Rachel Oniga tó ṣe ìyá yẹn ti kú ní July ọdún yẹn, kí fíìmù tó jáde, ẹ sọ fún àwọn tó fẹ́ràn wọn ṣáájú.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ Màmá Nyanya tún pè mí. Èmi fúnra mi ò rò pé wọ́n máa pè. Last Holiday ti 2006 ni mo kọ́kọ́ rò, mo fẹ́ràn Queen Latifah nínú ẹ̀, wọ́n sọ fún un pé ọjọ́ díẹ̀ ló kù fún un láyé, ó kó owó tó ti ń fi pamọ́, ó lọ gbádùn ara ẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Karlovy Vary, nílẹ̀ Czech. Ó wá yọjú pé ẹ̀rọ dókítà ló ṣàṣìṣe. Mo wò ó tán, mo pa á tì. Ẹ̀rọ ò ṣàṣìṣe lórí ọ̀rọ̀ ọkọ Màmá.

The Preacher's Wife ti 1996 ni mo gbé lọ. Pásítọ̀ tí ìjọ ń wọ̀ lọ́rùn, ìyàwó ẹ̀ tí ọkọ ò ráyè gbọ́ tiẹ̀ mọ́, áńgẹ́lì tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́, Denzel Washington ni áńgẹ́lì, Whitney Houston ni ìyàwó pásítọ̀. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kúrò nílé. Ẹ̀yìn ni Màmá jókòó sí, nítòsí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí Whitney bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin pẹ̀lú àwọn akọrin ìjọ, wọ́n fa àga wọn wá síwájú. Orin yẹn parí, wọ́n wo ẹ̀yìn wá mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ lè dá a padà kí n tún un gbọ́?"

Epo ti ń tán nínú jẹnẹrétọ̀. Mo dá a padà.