Ilé àti Ìtọ́jú Mọ̀nàmọ́ná ní Ìbàdàn: Bí A Ṣe Lè Yan Nínú Ìmọ̀ràn Tó Ń Tako Ara Wọn

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ejò ṣe ọ̀sìn ní Ìbàdàn yóò tètè rí i pé ẹnu àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kò kò. Ọ̀kan yóò ní kí ó tọ́jú ejò náà sínú ike kékeré, èkejì yóò ní ìwà ìkà ni; ọ̀kan yóò ní kí ó fún un ní eku ààyè, èkejì yóò ní eku tó ti kú nìkan ló dára. Lójú tèmi, ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ nínú àríyànjiyàn yìí sílẹ̀ ni pé ìlú olótùútù ni wọ́n ti kọ àwọn ìmọ̀ràn náà, fún àwọn tó ní láti fi iná mànàmáná ṣe ooru Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sínú yàrá wọn. Àwa tí a ń gbé nínú ooru ọ̀hún gan-an gbọ́dọ̀ yẹ ìmọ̀ràn kọ̀ọ̀kan wò kí a tó gbà á.

Mọ̀nàmọ́ná ni ejò tí ìtọ́sọ́nà yìí dá lé, ìyẹn erè kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Python regius, tó máa ń ká jọ roboto tí yóò sì fi orí pamọ́ sáàárín nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Kò ní oró, àgbà rẹ̀ kì í sì í sábà gùn ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Òjòlá, tó lè gùn ju mítà mẹ́rin lọ, kì í ṣe ẹran inú ilé rárá, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti paramọ́lẹ̀, ọká tàbí sèbé. Kí ẹ sì rò ó dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí mọ̀nàmọ́ná máa ń lo ogún ọdún sí ọgbọ̀n ọdún lọ́dọ̀ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ọ̀kan wà ní ọgbà ẹranko St. Louis ní Amẹ́ríkà tó yé ẹyin ní 2020 nígbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún.

Ibi tí ejò ti wá ni ẹ óò kọ́kọ́ yanjú. Àwọn kan ń sọ pé nígbà tó jẹ́ pé igbó wa ni ẹran náà ti wá, kò sí ohun tó burú nínú kí a rà á lọ́wọ́ ọdẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ejò tí wọ́n mú nínú igbó sábà máa ń ru eégbọn lára àti aràn nínú, òmíràn kò sì ní jẹun títí yóò fi rù hangogo. Yàtọ̀ sí èyí, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó tí wọ́n ń pè ní CITES, tí Nàìjíríà ti wọ̀ láti 1974, fi mọ̀nàmọ́ná sí Àfikún Kejì, níbi tí òwò rẹ̀ ti wà lábẹ́ ìṣọ́. Nítorí náà, ẹ bèèrè ohun tí òfin wí lọ́dọ̀ NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó ń mójú tó igbó kí ẹ tó ná owó kankan, kí ó sì jẹ́ èyí tó jáde láti inú ẹyin lọ́dọ̀ ẹni tó ń sin ejò ni ẹ óò rà. Bí ẹ kò bá rí irú rẹ̀, ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1948, kò jìnnà. Ó sàn kí ẹ máa lọ wo ejò níbẹ̀.

Ẹ sọ fún onílé àti àwọn alájọgbé pẹ̀lú. Ejò tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nípa rẹ̀, tó wá yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, igi ni wọn yóò fi pa á kí ẹ tó dé, ọ̀rọ̀ pé ẹ ń fi í ṣe oògùn owó yóò sì ti kárí àdúgbò kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ti ìtóbi ilé, ibẹ̀ ni ìjà ti gbóná jù. Àwọn tó ń sin ejò fún títà nílẹ̀ òkèèrè sábà máa ń lo ike pẹlẹbẹ tí wọ́n tì sínú férémù, ọ̀kan lórí èkejì, tí ejò kọ̀ọ̀kan wà nínú tirẹ̀. Àlàyé wọn ni pé inú ihò eku àti òkìtì ikán ni mọ̀nàmọ́ná ń gbé lọ́sàn-án, àti pé bí ibi tó wà bá fẹ̀ jù, ẹ̀rù yóò bà á, kò sì ní jẹun. Àwọn tó ń ta kò wọ́n ní ejò tí kò lè na ara rẹ̀ tán, tí kò sì lè yan láàárín ibi gbígbóná àti ibi tútù, ń jìyà bó tilẹ̀ ń jẹun. Ẹ̀rí kan láti ilẹ̀ wa ti mú kí n gbè sẹ́yìn àwọn ìkejì yìí. Ní 1998, Luca Luiselli àti Francesco Angelici tẹ ìwádìí kan jáde lórí mọ̀nàmọ́ná inú igbó kìjikìji gúúsù-ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Ohun tí wọ́n rí ni pé akọ a máa gun igi ju abo lọ, ẹyẹ ló sì pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹran bí eku ni abo ń jẹ jù. Ẹran tó ń gun igi lọ wá ẹyẹ kì í ṣe ẹran ihò nìkan. Òótọ́ sì ni pé ibi gbalasa ń dẹ́rù bà á, ṣùgbọ́n àìsí ibi ìsápamọ́ ló fa ẹ̀rù náà, kì í ṣe fífẹ̀ àpótí.

Ẹ ní kí káfíntà kan àpótí pákó tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 120, kí ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ 60, kí iwájú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì tó ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́, kí ó sì ní ibi tí àgádágodo yóò wọ̀. Ojú ihò atẹ́gùn ni kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin bò láti ìta, nítorí bí nẹ́ẹ̀tì bá wà nínú, ejò yóò máa fi imú gbo ó lóru títí imú yóò fi di egbò. Bí ẹ bá kun inú rẹ̀ ní fáníìṣì, ẹ ṣí i sílẹ̀ sí atẹ́gùn títí òórùn rẹ̀ yóò fi tán pátápátá. Ẹ gbé ibi ìsápamọ́ tó fún mọ́ ara rẹ̀ sí ìgbẹ̀yìn méjèèjì, ẹ fi ẹ̀ka igi tó lágbára dábùú òkè, kí ẹ sì kó ewé gbígbẹ sáàárín kí ó má baà gba ojú gbangba kọjá. Ohun kan wà tí àwọn ìwé òkèèrè kì í mẹ́nu bà: ìjàlọ. Bí wọ́n bá ya wọ ilé lóru, ejò tó wà nínú àpótí kò ní ibi tí yóò sá sí. Ẹ gbé àpótí náà lé tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú agolo omi, kí ẹ má sì jẹ́ kí omi náà gbẹ.

Ìmọ̀ràn lórí ooru ló máa ń ṣi ará Ìbàdàn lọ́nà jù. Wọ́n ní kí apá kan àpótí gbóná tó ìwọ̀n 31 sí 33 Celsius, kí apá kejì wà ní 25 sí 27, ẹni tó kà á á sì sáré lọ ra gílóòbù tó ń mú ooru jáde. Lọ́sàn-án oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, nínú yàrá tí páànù wà lórí rẹ̀ tí kò sì sí iná tí fáànù yóò fi ṣiṣẹ́, kì í ṣe ibi gbígbóná ni ẹ óò máa wá. Bí gbogbo inú àpótí bá kọjá 35, ejò lè kú. Ẹ gbé e sí yàrá tí oòrùn ọ̀sán kì í wọ̀, ẹ fi tẹmómítà sí ìgbẹ̀yìn méjèèjì, kí ẹ máa wò ó ní agogo mẹ́ta ọ̀sán. Ìgbà ọyẹ́ nìkan, tí òwúrọ̀ bá tutù, ni ooru iná lè wúlò, kí ó sì jẹ́ èyí tó ní ẹ̀rọ tí ń pa á fúnra rẹ̀ nígbà tí ooru bá ti tó. Òkúta tó ń gbóná tí wọ́n ń tà fún ejò máa ń jó o níkùn.

Ọyẹ́ kan náà ló ń fa wàhálà ọ̀rinrin. Ní àkókò òjò, ohun tí ẹ ní láti ṣọ́ ni kí inú àpótí má bu, nítorí náà ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn máa wọlé dáadáa. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, awọ ejò lè má bọ́ tán. Bí ojú rẹ̀ bá ti ń ṣe bíi bàìbàì, tí ara rẹ̀ sì ṣú, ó fẹ́ bọ́ awọ nìyẹn. Ẹ fi àkísà tútù sínú ike kékeré tó ní ihò, kí ẹ gbé e sínú àpótí. Awọ tó bọ́ dáadáa á jáde lódindi láti orí dé ìrù. Ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá awọ tó bo ojú méjèèjì wà lára rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ má fi èékánná yọ ọ́ lójú ejò. Ẹ padà sí àkísà tútù. Ní ti ohun tí ẹ óò tẹ́ sílẹ̀, àwọn kan fara mọ́ ìwé ìròyìn, àwọn kan èèpo àgbọn tí a gún. Mo fara mọ́ àgbọn lákòókò ọyẹ́ nítorí ó ń gba omi dúró, àti ìwé ìròyìn lákòókò òjò. Ìyẹ̀fun pákó láti ilé ìlàgi kò dára, nítorí ẹ kò lè mọ igi tí wọ́n là tàbí oògùn tí wọ́n fi kùn ún.

Eku ààyè lè gé ejò jẹ títí yóò fi kan eegun, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ní kí ó ti kú. Ṣùgbọ́n eku inú yìnyín tí wọ́n ń dámọ̀ràn lókè òkun nílò fíríìsà tí iná rẹ̀ kì í lọ. Eku tó yọ́ tó tún dì lẹ́ẹ̀mejì ti bàjẹ́. Eku funfun tí ẹ sìn tàbí tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹni tó ń sìn ín, tí ẹ pa lẹ́ẹ̀kan láìjẹ́ kí ó jìyà, ni kí ẹ fún un, kí ó má ju ibi tí ejò tóbi dé láàárín lọ. Èyí tó kéré lè jẹun lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àgbà lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ẹ má ṣe fún un ní eku tí ẹ fi pàkúté mú nínú ilé láé. Ó lè ti jẹ májèlé, eku tí wọ́n ń pè ní Mastomys natalensis ló sì ń gbé kòkòrò ibà Lassa kiri, èyí tó lè pa ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ má gbé e fún ọjọ́ méjì, kí ó má baà bi oúnjẹ náà jáde. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ nígbàkigbà tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, nítorí ejò a máa ru kòkòrò Salmonella, tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún àti aláboyún kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án rárá. Ní ti fífi méjì sínú àpótí kan, àwọn olùwádìí ní Kánádà sọ ní 2024 pé mọ̀nàmọ́ná fẹ́ràn ẹgbẹ́ ju bí a ti rò lọ. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí kálukú wà nínú tirẹ̀, kí ẹ lè mọ èyí tí kò jẹun àti èyí tó ń yàgbẹ́ gbuuru.

Mọ̀nàmọ́ná lè ṣíwọ́ oúnjẹ fún oṣù mélòó kan láìsí àìsàn, ìdí nìyí tí òṣùwọ̀n fi wúlò ju ìbẹ̀rù lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n lóṣooṣù, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá ti dín ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, tàbí tó ń la ẹnu mí, tí itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ẹ fi àpò aṣọ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn, kí ẹ mú ìwé ìwọ̀n náà àti ìgbẹ́ rẹ̀ tútù nínú ike kékeré dání fún dókítà.