Bí mo ṣe rin àfonífojì Samaria ní erékùṣù Krete, láti orí òkè dé etí òkun

Níbi tó pọ̀ jù téèyàn ti ń rìnrìn òkè, gígun òkè ló máa ń ṣáájú, ìsọ̀kalẹ̀ á wá tẹ̀ lé e. Ti Samaria kò rí bẹ́ẹ̀. Orí òkè ni bọ́ọ̀sì máa já yín sílẹ̀ sí, ní Omalos, níbi tó fi nǹkan bí 1,200 mítà ga ju ojú òkun lọ, ẹ ó sì máa sọ̀ kalẹ̀ títí ẹ ó fi bá òkun ní Agia Roumeli. Kìlómítà 16 ni gbogbo rẹ̀: 13 wà nínú ọgbà tí ìjọba ń dáàbò bò, 3 tó kù sì jẹ́ láti ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ dé etí omi. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn kí n tó lọ pé ìrìn ìrọ̀rùn ni, torí pé ìsọ̀kalẹ̀ ni. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ẹ kò ní máa mí hẹlẹhẹlẹ, ṣùgbọ́n orúnkún ni gbogbo ẹrù ara máa já lé. Ẹni tó bá mọ èyí kó tó gbéra ni yóò gbádùn ibẹ̀.

Krete ló tóbi jù nínú àwọn erékùṣù ilẹ̀ Gíríìsì. Ẹni tó bá ń ka Bíbélì mọ orúkọ náà dáadáa: ibẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù fi Títù sí kó máa tún ìjọ ṣe. Ní ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà ni àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Lefka Ori wà. Pachnes, èyí tó ga jù nínú wọn, ga tó 2,453 mítà. Omi ló gé àfonífojì Samaria láàárín àwọn òkè wọ̀nyí. Ọdún 1962 ni ìjọba sọ ọ́ di ọgbà. Oṣù Karùn-ún títí dé ìparí oṣù Kẹwàá ni wọ́n máa ń ṣí i. Nígbà òtútù, odò máa ń kún bo ojú ọ̀nà. Kódà láàárín ìgbà tí wọ́n ṣí i, bí òjò bá fẹ́ rọ̀, wọ́n á tì í, torí òkúta máa ń já bọ́ látòkè. Nítorí náà, ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ béèrè bóyá wọ́n máa ṣí i. Òtẹ́ẹ̀lì tí a dé sí ló bá wa pè wọ́n.

Ìparí oṣù Karùn-ún ni èmi àti àbúrò mi ọkùnrin lọ, ìgbà yẹn sì ni màá gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó lọ. Omi ṣì wà nínú odò, òdòdó oleander aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ti ń tanná láàárín òkúta, oòrùn kò sì tíì le bíi ti oṣù Keje àti Kẹjọ.

Ìlú Chania ni a sùn sí. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ti òwúrọ̀ kùtù ni a wọ̀. Ọ̀nà náà kọjá láàárín oko ọsàn, ó wá ń gun òkè lọ ní kọ́lọkọ̀lọ, kí ẹni tí òòyì máa ń kọ́ nínú ọkọ̀ má ṣe jẹun púpọ̀ kó tó wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tí a sọ̀ ní Omalos, òtútù mú wa gan-an. Ẹ mú aṣọ òtútù tó fẹ́lẹ́ dání, kódà bí oòrùn bá ń ràn ní Chania.

Ohun tó wà nínú àpò wa kò pọ̀: búrẹ́dì, wàràkàṣì, ẹyin sísè, ẹ̀pà, ìgò omi kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, fìlà, ìpara tó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ oòrùn. Kò sí ṣọ́ọ̀bù kankan nínú àfonífojì náà, ṣùgbọ́n omi wà. Ní àwọn ibi ìsinmi, omi ìsun ń jáde látinú ẹ̀rọ, ó tutù, ó sì dùn, ìgò kan náà la ń bù kún. Ẹni tó gbé lítà mẹ́ta láti òkè fi ẹrù lé orúnkún rẹ̀ lásán ni. Bàtà ni kí ẹ má ṣe fi ṣeré. Kó jẹ́ èyí tí ẹ ti wọ̀ tí ó ti bá ẹsẹ̀ yín mu, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, kó sì máa di ilẹ̀ mú. Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ kí ẹ tó lọ. Bí ẹ bá ń so okùn rẹ̀, ẹ fà á le níbi ọrùn ẹsẹ̀, kí ọmọ ìka má baà máa sáré lọ kọlu iwájú bàtà ní gbogbo ìṣísẹ̀.

A san owó ìwọlé, wọ́n fún wa ní tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ní ká má sọ ọ́ nù, torí a ó fi hàn nígbà tí a bá ń jáde nísàlẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi ń mọ̀ nìyẹn pé kò sí ẹni tó kù sínú àfonífojì nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Sísùn síbẹ̀ mọ́jú kò sí láyè, bẹ́ẹ̀ náà ni iná dídá àti wíwẹ̀ nínú odò.

Xyloskalo ni wọ́n ń pe ibi tí ìrìn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo apá ọ̀tún yín: òkè Gingilos dúró gbọnin níwájú, àpáta gàgàrà eléérú, tó ga ju 2,000 mítà lọ. Ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ yín ni ilẹ̀ ti já lọ. Àtẹ̀gùn òkúta ni ọ̀nà náà, ó dàgẹ̀rẹ́, ó ń yí sọ́tùn-ún yí sósì láàárín igi páìnì, wọ́n sì fi igi ṣe ìdènà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìṣísẹ̀ àwọn tó ṣáájú ti mú kí àwọn òkúta kan máa dán, wọ́n sì ń yọ̀. Ìhín gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ná agbára wọn tán. Ara ṣì le, afẹ́fẹ́ tutù, gbogbo èèyàn ń sáré sọ̀ kalẹ̀. Àbúrò mi ń lọ kánkán, mo ní kó rọra, pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó dá mi lóhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣèyọnu, mo ti gbọ́.” Bí a ṣe ń rìn nìyí: ìṣísẹ̀ kúkúrú, orúnkún tẹ̀ díẹ̀, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀ pọ̀. Níbi tí òkúta bá ga, a máa ń fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀ ọ́. Ọ̀pá ìrìn méjì ni mo mú dání, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún mú un. Ọwọ́ á gbà díẹ̀ lára iṣẹ́ ẹsẹ̀.

Kí a tó dé ṣọ́ọ̀ṣì kékeré Agios Nikolaos, a ti sọ̀ nǹkan bí ìdajì gbogbo gíga náà kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ a kò tíì rin ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà. Àwọn igi cypress ńláńlá yí ṣọ́ọ̀ṣì náà ká, ọ̀pọ̀ ọjọ́ orí ló hàn lára wọn. A jókòó síbẹ̀, a bọ́ bàtà, a jẹ ẹyin. Ẹ bọ́ bàtà bí ẹ bá ń sinmi, kí ẹsẹ̀ gbẹ, torí ẹsẹ̀ tó tutù ló máa ń bó.

Ìdajì ọ̀nà ni abúlé Samaria wà, láàárín kìlómítà keje sí ìkẹjọ. Ibẹ̀ ni mo pẹ́ sí jù. Ilé olókùúta ni gbogbo ibẹ̀, wọ́n tún díẹ̀ ṣe fún àwọn ẹ̀ṣọ́, àwọn tó kù ti wó. Títí di ìgbà tí wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀, èèyàn ń gbé níbẹ̀, wọ́n ń sin ewúrẹ́, wọ́n ń tẹ òróró ólífì, wọ́n ń gé igi tà. Ìjọba kó wọn kúrò kí ọgbà tó lè dúró. Ó ṣe ewúrẹ́ igbó Krete, tí wọ́n ń pè ní kri-kri, láǹfààní, torí ó ti fẹ́ run tán nígbà yẹn. Mo rí wọn níbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ ewé láàárín ògiri àwókù, ìwo wọn ń yí sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé bí kò bá sí ọgbà, bóyá wọn kì bá ti sí mọ́. Síbẹ̀, bí mo ṣe dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé kan tí ìdáná rẹ̀ ṣì wà, àwọn tó fi ilé bàbá wọn sílẹ̀ ni mo ń rò. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gba ibẹ̀ kọjá, kó dúró díẹ̀, kó má ṣe kàn bu omi kó máa lọ. Ẹ má ṣe fún àwọn ewúrẹ́ náà lóúnjẹ, bó ti wù kí wọ́n sún mọ́ yín tó.

Abúlé yìí náà ni wọ́n máa ń so ìbaaka mọ́. Kò sí ọ̀nà mọ́tò nínú àfonífojì, ìbaaka ló ń gbé ẹni tó bá fẹsẹ̀ rọ́.

Lẹ́yìn abúlé, ojú ọ̀nà di òkúta odò, rogodorogodo, tó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ ó máa ré odò kọjá lórí pákó àti òkúta. Ògiri àpáta ń sún mọ́ra lápá méjèèjì. Wọ́n fi àkíyèsí síbi tí òkúta ti ń já bọ́, pé kí èèyàn yára kọjá, kó má dúró ya fọ́tò. Ẹ gbọ́ tiwọn. Ní nǹkan bíi kìlómítà kọkànlá, ẹ ó dé Sideroportes: àpáta méjì tó ga tó nǹkan bí 300 mítà, àlàfo tó wà láàárín wọn kò ju mítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ gba ibẹ̀, odò ń ṣàn lábẹ́ pákó tí a ń rìn lórí rẹ̀. A dúró de àwọn èrò kan kí wọ́n kọjá, lẹ́yìn náà ó kù àwa nìkan, àbúrò mi sì pariwo, ohùn rẹ̀ padà wá bá wa látòkè. Ọpẹ́ ni mo ń dá lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá níbẹ̀, n kò purọ́.

Láti ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀, tí a ti fi tíkẹ́ẹ̀tì hàn, kò sí òjìji mọ́. Bọ́ọ̀sì kékeré wà fún ẹni tó bá ti rẹ̀. Àwa fẹsẹ̀ rìn ín dé Agia Roumeli. Ọkọ̀ ilẹ̀ kò lè ti ìlú mìíràn wá síbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi nìkan ni. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1941, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ Krete, ọba ilẹ̀ Gíríìsì, George Kejì, gba orí àwọn òkè yìí sá wá síbẹ̀, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Bìrìtìkó sì gbé e lọ sí Íjíbítì. A wẹ̀ nínú òkun. Etíkun náà kì í ṣe yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ dúdú ni, ó sì ń jó ẹsẹ̀, ẹ má ṣe tètè bọ́ bàtà.

Ọkọ̀ ojú omi ló ń darí gbogbo ọjọ́ náà. Èyí tó gbẹ̀yìn sábà máa ń gbéra ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ẹni tí kò bá bá a, ibẹ̀ ni yóò sùn. Ìrìn náà ń gba wákàtí márùn-ún sí méje, nítorí náà ẹni tó wọlé ní aago méje tàbí mẹ́jọ òwúrọ̀ ní àyè láti jẹun kó sì wẹ̀. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ gbàrà tí ẹ bá ti dé ìlú náà.

A wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Chora Sfakion. Lápá òsì, a rí ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta Agios Pavlos létí omi. Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé Pọ́ọ̀lù ṣèrìbọmi fún àwọn èèyàn níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì kò sọ ọ́. Ọkọ̀ wá yà sí Loutro. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ gbà pé èbúté Phoenix wà, èyí tí orí 27 ìwé Ìṣe sọ pé àwọn atukọ̀ Pọ́ọ̀lù fẹ́ dé kí wọ́n lè lo ìgbà òtútù níbẹ̀ kí ìjì tó gbá wọn lọ. Lápá ọ̀tún, lókèèrè, erékùṣù kékeré kan yọ: Gavdos, Klauda inú ìtàn yẹn kan náà, ibi tí wọ́n ti fi okùn di ọkọ̀ náà lábẹ́. Ní Chora Sfakion, bọ́ọ̀sì ti ń dúró de àwọn tó sọ̀ látinú ọkọ̀, ó sì gbé wa padà sí Chania.

Àtẹ̀gùn òtẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ múra dè ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Iṣan itan á máa ro yín, ọjọ́ díẹ̀ ni, ìrìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ àti omi gbígbóná ló ràn mí lọ́wọ́. Bí mo bá tún lọ, n kò ní wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Agia Roumeli ni màá sùn, kí n lè gba ojú ọ̀nà ìrìn ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní E4, tó tẹ̀ lé etí òkun, láàárọ̀, kọjá Agios Pavlos, kí n fẹsẹ̀ rìn dé Loutro.