Tí ẹ bá fẹ́ kó kẹ̀kẹ́ Faransé àtijọ́ jọ lókè ọya, ẹ ra kálípà kí ẹ tó ra òòlù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Abuja, Kaduna, Jos, Kano, tẹ́ ẹ ń bèèrè bí èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í kó kẹ̀kẹ́ Faransé àtijọ́ jọ, Peugeot, Motobécane, Gitane àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ohun tí mo máa ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà kì í ṣe kẹ̀kẹ́ o, kálípà ni, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn nǹkan tó kéré gan-an. Ìdí ni pé àwọn Faransé fi ìwọ̀n tiwọn ṣe kẹ̀kẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tẹ́ẹ̀dì wọn (ìlà tó yí ara bóòtù ká), pẹ́dàlì wọn, fíríwíìlì wọn, gbogbo ẹ̀ ló yàtọ̀ sí ti Raleigh, kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì táwọn bàbá wa ń gùn, ìyàtọ̀ ọ̀hún sì kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i, àmọ́ ó tó láti ba férémù jẹ́ tí mẹkáníìkì bá fi tipá wé e wọlé.

Ibi tí ẹ ti máa rí i ńkọ́? Òkè ọya ṣe wá lóore lórí èyí jàre. Niger tó jẹ́ ti Faransé tẹ́lẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé wa níbí, láti Katsina gba Jibiya dé Maradi ò jìnnà, kẹ̀kẹ́ tó bá sì ti ọ̀hún wọlé, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ti wà látọjọ́ yìí, ìpẹtà ara ẹ̀ kì í sábà jinlẹ̀ bíi ti èyí tó lo ogún ọdún létí òkun l'Ékòó. Àwọn tó kù, nínú tòkunbọ̀ ni, wọ́n á ti há a mọ́ àárín kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Ẹ lọ sí ọjà Panteka ní Kaduna, kẹ́ ẹ sì bá àwọn bàbá bọ́lá àdúgbò yín rẹ́, torí kílò irin làwọn ń wò, wọn ò mọ̀ pé ohun kan wà tó ń jẹ́ férémù tó ṣọ̀wọ́n. Tí ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ kí mallam dáadáa, ẹ kọ́kọ́ bèèrè owó nǹkan mí-ìn ná, ẹ má dárúkọ Píjò rárá o! Ta ni ò mọ Píjò lókè ọya, ṣebí Kaduna ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò Peugeot 504 ní 1975, ọdún yẹn náà ni Bernard Thévenet, ọmọ Faransé, sì gun kẹ̀kẹ́ Peugeot gba ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France, kìnnìún kan náà ló wà lára méjèèjì, tẹ́ ẹ bá ti pe orúkọ ẹ̀ pẹ́nrẹ́n owó ti lọ sókè nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ka sítíkà tó wà lára ọ̀pá ìjókòó férémù. Reynolds 531 lẹ ń wá, irin fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tó lágbára tó ti wà láti 1935, òun ni wọ́n fi ṣe Peugeot PX-10, kẹ̀kẹ́ ìdíje wọn. Tó bá jẹ́ Carbolite 103 lẹ rí, irin lásán ni, ó wúwo díẹ̀, kì í ṣe pé kò dáa fún gígùn o, àmọ́ ẹ má san owó PX-10 lé e lórí. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ fọwọ́ pa abẹ́ ọ̀pá òkè àti ọ̀pá ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti pàdé lọ́rùn kẹ̀kẹ́, tó bá wú tàbí tó ká jọ níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ yẹn ti forí sọ nǹkan rí, ẹ fi í sílẹ̀ fún mallam. Ẹ tún mú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ so ó mọ́ ibi tí táyà ẹ̀yìn ń wọ̀ lápá ọ̀tún, ẹ fà á yí ọrùn kẹ̀kẹ́ ká padà sápá òsì, kẹ́ ẹ wá wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti ọ̀pá ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Tí kò bá dọ́gba, férémù ti wọ́. Èyí tó pé ni kẹ́ ẹ rà, kódà kó dọ̀tí bí kí ni, torí bóòtù kékeré kan tó bá sọnù lára kẹ̀kẹ́ Faransé lè gbà yín lóṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ tó rí òmíì, gbogbo ọjà Wuse ò ní i.

Ó wá ku ìwọ̀n, ibí ni ọ̀rọ̀ wà gan-an. Ihò ìsàlẹ̀ tí kírańkì (irin tí pẹ́dàlì wà lára ẹ̀) gbà kọjá, ti Faransé jẹ́ 35 mm, àlàfo tẹ́ẹ̀dì ẹ̀ jẹ́ 1 mm, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 1.37 ínṣì. Irin roboto tí wọ́n dè sínú ihò náà, lápá ọ̀tún, ti Gẹ̀ẹ́sì máa ń tú tẹ́ ẹ bá yí i bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n ti Faransé, òdì ọwọ́ aago lẹ máa yí méjèèjì, ọ̀tún àti òsì. Mẹkáníìkì tó ti ń tún Raleigh ṣe láti kékeré ò ní gbà bẹ́ẹ̀, á máa fún un pa sí i ni, á sì ní ìpẹtà ló mú un. Àwọn Motobécane kan tún wá lo ti Switzerland, 35 mm náà ni àmọ́ apá ọ̀tún ń tú bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà tó bá ti kọ̀ lápá kan, ẹ dúró, ẹ ronú, ẹ má bẹ òòlù lọ́wẹ̀.

Pẹ́dàlì Faransé jẹ́ 14 mm, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 9/16 ínṣì tó fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Lẹ́tà D ló máa ń wà lára ti ọ̀tún, G lára ti òsì. Tí pẹ́dàlì bá ti bàjẹ́ tí ẹ ò rí òmíràn, ẹ lè ní kí àwọn tó ń gé irin pẹ̀lú mẹṣíìnì fi táàpù Gẹ̀ẹ́sì, irinṣẹ́ tó ń gé tẹ́ẹ̀dì, fẹ ihò kírańkì náà, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ ṣáà mọ̀ pé kò sí ìpadàsẹ́yìn mọ́. Ọ̀pá tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú jẹ́ 22 mm, ti àwọn yòókù 22.2, ẹ wo bó ṣe kéré tó, síbẹ̀ kò ní wọlé, sánpépà ni wọ́n máa ń fi fá a. Kírańkì Stronglight àtijọ́ sì rèé, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fà á yọ gbọ́dọ̀ jẹ́ 23.35 mm, èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà jẹ́ 22, tí ẹ bá fi ìyẹn fà á, ẹ máa gbọ́ bí àlùmínọ́ọ̀mù ṣe ń ya, owó ti lọ nìyẹn.

Ọ̀pá tó gbé ìjókòó dúró, tó bá ti lẹ̀ mọ́ inú férémù, ẹ po ọ́ìlì gíà ọlọ́tòmátíìkì pọ̀ mọ́ acetone (omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò), ìdajì sí ìdajì, ẹ jìnnà síná o. Ẹ dorí férémù kodò kẹ́ ẹ da á láti ihò kírańkì, torí acetone máa ń jẹ ọ̀dà, kò yẹ kó kan ìta. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ wá de ọ̀pá náà mọ́ fáìsì, kẹ́ ẹ yí férémù fúnra ẹ̀.

Gíà Simplex tí wọ́n fi ike Delrin ṣe ńkọ́? Ó máa ń sán tó bá ti dàgbà, oòrùn ibí yìí ò sì ràn án lọ́wọ́. Ẹ tú u, ẹ wé e sínú ọ̀rá, ẹ tọ́jú ẹ̀ pamọ́, kẹ́ ẹ fi Suntour tàbí Shimano àtijọ́ rọ́pò fún gígùn. Bíréèkì Mafac kì í fún yín ní wàhálà rárá, rọ́bà tuntun ti tó o.

Tó bá kan táyà, ẹ má gbọ́ tẹni tó ní 28 ni gbogbo ẹ̀, nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, tó ń sọ ìwọ̀n rímù ní mm, ni kẹ́ ẹ wò. 622 ni táyà tí wọ́n ń pè ní 700C, ìyẹn wà l'Abuja. 635 ni 28 ti Raleigh, kò lè bá rímù 622 mu láé. 630 ni 27 ínṣì tó wà lára àwọn kẹ̀kẹ́ tí Faransé ṣe lọ tà fún Amẹ́ríkà, ìyẹn nira láti rí. Èyí tó dùn mọ́ mi nínú jù ni 584, 650B ayé àtijọ́, òun náà ni táyà 27.5 tí wọ́n ń tà báyìí fún kẹ̀kẹ́ orí òkè, rímù kan náà, ẹ ṣáà wá èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ kó lè gba inú fọ́ọ̀kì kọjá.

Ọ̀dà ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ fún oní-sípíréè. Ọ̀dà ìpilẹ̀ tó ti họ dáa ju èyí tó ń kọ mọ̀nà tí gbogbo sítíkà ti bá a lọ. Ọṣẹ, omi, pọ́líìṣì mọ́tò, ó tán. Kúróòmù tó dípẹtà, ẹ ká fóìlì tí a fi ń ṣe mọ́ínmọ́ín, ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ fi ha á. Àwọn nọ́ọ̀tì kéékèèké tó jẹ́ irin, ẹ rẹ wọ́n sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́jú, ẹ ṣàn wọ́n kẹ́ ẹ sì fi ọ́ìlì pa wọ́n lójú ẹsẹ̀. Férémù tó bá sán, wẹ́dà oníná ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, irin yẹn fẹ́lẹ́, oní-gáàsì tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi búràsì lẹ irin dáadáa nìkan ni.

Bíárìn wá kù. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ gíríìsì àtijọ́ kúrò pátápátá, ẹ pààrọ̀ ọta ẹ̀ (àwọn irin róbótó inú ẹ̀), kírańkì ń gba mọ́kànlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọta 1/4 ínṣì, họ́ọ̀bù ẹ̀yìn ń gba mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ lọ kẹ́ ẹ tó ṣe é, tàbí kẹ́ ẹ ṣe é nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé, torí eruku December yẹn á dàpọ̀ mọ́ gíríìsì, á sì máa lọ bíárìn bí ata. Ṣéènì náà, ẹ má rọ ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì lé e lórí bí àwọn ọlọ́kadà ṣe ń ṣe, ìkán kan fún oríkèé kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wá fi àkísà nu ìta ẹ̀ gbẹ.